Mo ń tọ́jú Màmá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: ìgbà wo ni n óò rí ìwé ẹ̀rí gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tọ́jú màmá kan tí ẹ̀gbà mú lápá kan ní Arówómọlé níbí. Òkè òkun làwọn ọmọ wọn wà, àwọn ló ń sanwó mi. Aago méje àárọ̀ ni mo ń débẹ̀, mo ń kúrò ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Sọ́ńdè nìkan ni mo fi ń sinmi. Mo fẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní kí n san ₦120,000, òun á fún mi ní NVQ àti Care Certificate, ìyẹn àwọn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìtọ́jú ti Ìlú Ọba, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò ní jáde nílé. Ṣé kí n san án? Bí mi ò bá san án, ọ̀nà wo ló wà fún ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀? – Ìyá Ìbejì, Ogbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án.

Oṣù Kẹrin 2015 ni wọ́n gbé Care Certificate kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìtọ́jú. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó mọṣẹ́ á dúró ti òṣìṣẹ́ tuntun, á máa wò ó bó ṣe ń wẹ arúgbó, bó ṣe ń gbé e dìde, bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, kó tó buwọ́ lùwé fún un. Ìwọ̀nba apá tó jẹ́ kíkà lèèyàn lè ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NVQ, díplómà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún báyìí, òun náà kò ṣeé gbà láìjẹ́ pé olùyẹ̀wò rí èèyàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ta ló wá wò yín ní Arówómọlé? Tó bá sì jẹ́ físà ni wọ́n fi ń fa ojú yín mọ́ra, láti 22 Oṣù Keje 2025, àwọn ilé ìtọ́jú ní Ìlú Ọba kò lè mú olùtọ́jú tuntun wá láti òkè òkun mọ́.

Mo ti rí ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú tiẹ̀ wá bá mi, wọ́n ti fi nílọ́ọ̀nù bò ó, ó ń dán. Mo ní kó bá mi yí baba kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di apá baba mú, ó sì fà á. Apá tí ẹ̀gbà mú gan-an ni. Èjìká ẹni tí ẹ̀gbà mú kì í pẹ́ yẹ̀, torí iṣan tó yẹ kó dì í mú ti dẹ̀. Baba yẹn ké. Mi ò bínú sí ọmọ náà, ẹni tó gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo bínú sí, mo sì ń bínú sí i títí dòní.

Ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ ká orúnkún Màmá sókè, ẹ gbé ọwọ́ kan lé èjìká, ọwọ́ kejì lé ìbàdí, kí ẹ wá rọra yí wọn sọ́dọ̀ ara yín. Bí wọn ò bá lè yíra fúnra wọn, ẹ máa ṣe é ní wákàtí méjì-méjì. Nígbà tí wọ́n bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn, ìbàdí àti gìgísẹ̀. Ìwé àwọn òyìnbó á ní kí ẹ wá ibi tó pọ́n, ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú kì í sábà hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbóná ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, tàbí tó le, tàbí tó dúdú sí i, egbò ló fẹ́ di. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ibẹ̀ sùn mọ́, ẹ sì má fi àdí tàbí róbù ra á, nítorí rírà yẹn ń ba ẹran tó wà lábẹ́ awọ jẹ́ ni. Kí ẹ tètè pe nọ́ọ̀sì.

Irú nǹkan báyìí ni ìwé ẹ̀rí tòótọ́ ń jẹ́rìí sí, ẹ sì lè máa kó ẹ̀rí ẹ̀ jọ láti ọ̀la. Ẹ ra ìwé kan. Lálaalẹ́, ẹ kọ déètì, ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ rí lára Màmá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé wọn lọ fún físíò (ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú kí apá àti ẹsẹ̀ máa ṣiṣẹ́ padà), yálà ní LAUTECH tàbí ní Bowen (ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi tó ti wà nílùú wa láti 1907), ẹ má jókòó síta. Ẹ wọlé, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín, kí ẹ ṣe é lójú wọn, kí wọ́n buwọ́ lùwé yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní kọ̀, inú wọn á dùn.

Nílé níbí, NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ló ń bójú tó ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní NSQ. Ètò yẹn fàyè gba kí wọ́n yẹ ohun tí èèyàn ti mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wò, ibẹ̀ ni ìwé yín yẹn á ti wúlò. Kí ẹ tó sanwó fún iléeṣẹ́ kankan, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà NBTE hàn yín, kí ẹ sì kà á bóyá iṣẹ́ ìtọ́jú gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Red Cross. Lórí fóònù, nígbà tí Màmá bá sùn lọ́sàn-án, OpenLearn, ìkànnì ẹ̀kọ́ ti Open University ní Ìlú Ọba, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́; ìwé tí wọ́n ń fúnni ń sọ pé ẹ parí ẹ̀kọ́ ni, ẹ má pè é ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́. Ẹ jìnnà sí àwọn tó ń kọ́ni ní auxiliary nurse ní kọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kò mọ̀ wọ́n rí.

Ní ti àkókò, àwọn ọmọ Màmá ló yẹ kí ẹ bá sọ ọ́. Ìyá wọn ni ẹ̀kọ́ yìí ń ṣe lóore, kò yẹ kó jẹ́ Sọ́ńdè yín nìkan ló máa gbé e. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn báyìí: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa sí i nítorí Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì bá mi dá sí owó ẹ̀.” Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó máa jókòó ti Màmá lọ́sàn-án yẹn, kí ẹ sì ti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yí wọn padà.