Kí ló ń dín jàǹbá kù jù fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa ọkọ̀?

Kí wọ́n má fún un láyè gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà ni: kí ó kọ́kọ́ máa wà á pẹ̀lú àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà kí ó dá wà á lọ́sàn-án láìkó ọ̀rẹ́, kí òru àti èrò tó tẹ̀ lé e. New Zealand sọ irú ètò ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ di òfin ní 1987, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe oríkunkun nìkan ló ń fa jàǹbá ọ̀dọ́. Ojú ọmọ náà ni kò tíì mọ ewu. Bí bọ́ọ̀lù bá yí bọ́ sójú títì, awakọ̀ tó ti pẹ́ ti ń retí ọmọ tó máa sáré tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù nìkan ni ẹni tuntun ń rí. Fóònù tún burú jù: lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 2 tó fi wo àtẹ̀jíṣẹ́, ọkọ̀ ti rin nǹkan bíi mítà 55.

Ọjọ́ orí tí òfin gbà yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn. Èyí tó bá ń mutí wakọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.