Fídíò ń dúró ní gbogbo ẹ̀ka bí ẹ̀ka kan bá pa tirẹ̀: ẹ wo tunnel hub

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní olú ilé-iṣẹ́ yín ń rán fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn ẹ̀ka lórí DMVPN, ètò tó ń fi tunnel (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) so ẹ̀ka mọ́ hub, ìyẹn ráútà olú ilé-iṣẹ́. Ping ń lọ, OSPF tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn kò mì, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka kan bá ti pa tirẹ̀ báyìí, ti àwọn yòókù á dúró sójú kan, kó tó tó ìṣẹ́jú kan á tún máa lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má tíì lọ bá àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín jà. Mo rí màbo lórí nǹkan yìí nílé-iṣẹ́ kan tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin. Wọ́n pààrọ̀ ráútà, wọ́n ra ìlà tó tóbi sí i, owó ńlá bá a lọ, pàbó ló já sí. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ dárúkọ yẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Lórí switch inú ọ́fíìsì, bí ráútà kan bá fi Prune ránṣẹ́ nípa PIM (èdè tí àwọn ráútà fi ń béèrè multicast, ìyẹn ohun kan tí à ń rán sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan) pé òun ò fẹ́ fídíò náà mọ́, gbogbo ráútà tó wà níbẹ̀ ló ń gbọ́. Èyí tó ṣì ń fẹ́ ẹ á yára fi Join, ìyẹn ìbéèrè pé òun ń fẹ́ ẹ, tako Prune náà. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni ráútà òkè fi ń dúró de irú àtakò bẹ́ẹ̀ kó tó gé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí tunnel yín. Ìbàdàn kì í gbọ́ ohun tí Àkúrẹ́ ń sọ. Etí hub nìkan ni ọ̀rọ̀ kálukú ń dé. Bí Prune Ìbàdàn bá dé, hub á dúró, kò ní gbọ́ àtakò kankan, á wá yọ odindi Tunnel0 (ojú tunnel tó so gbogbo ẹ̀ka mọ́ ọn) kúrò nínú àwọn ojú ọ̀nà tó ń da fídíò sí. Àkúrẹ́ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tún fi Join ránṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 60 síra ni PIM sì máa ń tún Join rán. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú kan yín ti wá.

Lórí ráútà Cisco, àṣẹ kan ló ń wò ó sàn: `ip pim nbma-mode`, lábẹ́ Tunnel0 hub, pẹ̀lú `ip pim sparse-mode` (ẹni tó bá béèrè nìkan ni a ń fún). Kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dense-mode (tó ń da á sí gbogbo ibi). Láti ìgbà náà, hub á máa kọ orúkọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó béèrè sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tẹ `show ip mroute` kí ẹ rí ibi tí ráútà ń da fídíò sí. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni ìlà kan ṣoṣo:

`Tunnel0, Forward/Sparse`

Lẹ́yìn rẹ̀, àdírẹ́sì tunnel ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á jáde:

`Tunnel0, 10.0.0.2, Forward/Sparse`
`Tunnel0, 10.0.0.3, Forward/Sparse`

Àǹfààní míì wà ńbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: ẹ̀ka tí kò béèrè kò ní gba ẹ̀dà kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò agbára ìlà hub. Bí fídíò bá jẹ́ 4 Mbps, tí ẹ̀ka 20 sì ń wò ó, 80 Mbps ló máa jáde láti hub, nítorí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní kí ẹ yẹ `ip nhrp map multicast`, àṣẹ tó ń jẹ́ kí multicast gba tunnel kọjá, wò. Ó dára kẹ́ ẹ wò ó, àmọ́ bí hello OSPF bá ń gba 224.0.0.5, tó jẹ́ àdírẹ́sì multicast, kọjá lórí tunnel yẹn, multicast ń kọjá náà nìyẹn. MTU náà (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tó lè kọjá), ẹ má jẹ́ kó dà yín lọ́kàn rú. Bí `ip mtu` bá jẹ́ 1400, fídíò MPEG-TS tó ń lọ ní 1316 báìtì lórí UDP á wọ̀ ọ́ dáadáa.

Ẹ tún ní lọ́la, Ìlọrin fẹ́ máa rán tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Bí fídíò kò bá jáde rárá, ẹ kọ́kọ́ wo TTL (òǹkà tí ráútà kọ̀ọ̀kan ń dín kù, tí pákẹ́ẹ̀tì ń kú bó bá tán), torí 1 ni kọ̀ǹpútà máa ń fi sí multicast bí ètò náà kò bá yí i padà. Ráútà àkọ́kọ́ ló máa kú sí. Bó bá jáde fìrí tó sì dúró, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Lórí DMVPN phase 2, tí ẹ̀ka ti lè bá ẹ̀ka sọ̀rọ̀ tààrà, Àkúrẹ́ gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ RP (ibi ìpàdé àwọn tó ń rán àti àwọn tó ń gbà) ní hub, ó wá ní òun fẹ́ gba ọ̀nà tààrà dé Ìlọrin. Táblì unicast rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ọ̀nà lásán, tí kì í ṣe ti multicast) tọ́ka sí Ìlọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe aládùúgbò PIM ara wọn, Join náà kò rí ẹni gbà á, Àkúrẹ́ sì ti sọ fún hub pé kó dáwọ́ dúró. Ẹ tẹ `show ip rpf` pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹni tó ń rán an, lórí ráútà Àkúrẹ́. Bí aládùúgbò tó bá fi hàn kò bá sí nínú `show ip pim neighbor`, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. `ip pim spt-threshold infinity` lórí gbogbo ẹ̀ka ni mo máa ń fi sí i, kí wọ́n dúró sórí igi RP, ìyẹn ọ̀nà tó gba RP kọjá.

Tí ẹ bá ti tẹ nbma-mode tán, ẹ ní kí ẹ̀ka kan pa tirẹ̀, kí ẹ máa wo `show ip mroute` lórí hub. Àdírẹ́sì ẹ̀ka yẹn nìkan ló yẹ kó kúrò. Bí òmíràn bá bá a lọ, ẹ fi odindi àbájáde náà síbí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn IP gbangba yín kúrò.