Àmì ìbéèrè ni gdb ń kọ fún mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan ní C++ tí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú fi ń ka ọjà. Fáìlì rẹ̀ tó 48 MB, mo bá fi -s sínú LDFLAGS (àwọn àṣẹ fún irinṣẹ́ tó ń so fáìlì ètò pọ̀), ó wálẹ̀ sí 3 MB. Ó wá dákú lórí ẹ̀rọ oníbàárà kan. Mo gba core dump (ẹ̀dà ohun tó wà nínú RAM ètò náà nígbà tó dákú), ṣùgbọ́n ?? nìkan ni gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe, ń kọ. Kí ni kí n ṣe? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: -s ti da orúkọ fọ́ńṣọ̀n àti nọ́ńbà ìlà kóòdù nù, kò sí bí ẹ ṣe lè fà wọ́n yọ nínú 3 MB yẹn mọ́. Bí kóòdù àti compiler kò bá tíì yí padà, ẹ tún un kọ́ pẹ̀lú -g (tó ń fi orúkọ àti nọ́ńbà ìlà sínú rẹ̀), kí ẹ fi wé core náà. Ṣùgbọ́n build ID (àmì ìdánimọ̀ inú ètò tí a kọ́) méjèèjì lè má bára mu, ẹ má gbára lé e jù.

Èyí tó kù, ẹ yọ -s kúrò, ẹ fi -g sí -O2. (Debug symbols, ìyẹn orúkọ àti nọ́ńbà ìlà wọ̀nyẹn, kì í wọ RAM nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, àyè díìsì àti dátà ló ń jẹ.) Lẹ́yìn náà, bí ètò náà bá ń jẹ́ oja, ìlà àkọ́kọ́ á kó debug symbols pamọ́, ìkejì á gé wọn kúrò nínú oja, ìkẹta á so méjèèjì pọ̀:

objcopy --only-keep-debug oja oja.debug
strip --strip-unneeded oja
objcopy --add-gnu-debuglink=oja.debug oja

Ẹni tó bá ṣe strip kó tó ṣe ìlà àkọ́kọ́, òfìfo ló kó pamọ́. Ẹ má sì fọwọ́ kan oja.debug lẹ́yìn ìlà kẹta: CRC rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá fáìlì yí padà) ti wọ inú oja, bí ó bá yí padà, gdb kò ní gbà á.

Bó bá jẹ́ debhelper (irinṣẹ́ Debian) lẹ fi ń ṣe .deb (fáìlì tí Debian fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ), dh_strip tó wà nínú rẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Láti ìparí 2015 ló ti ń yọ debug symbols sọ́tọ̀ sínú .deb kejì tó ń jẹ́ -dbgsym, lábẹ́ /usr/lib/debug/.build-id/. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni Makefile tó ti gé e ṣáájú, pàápàá "install -s" tí kò hàn sójú. Ẹ fi àṣẹ file wo oja kí dh_strip tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: "not stripped" ló yẹ kó sọ.

Oníbàárà ò nílò -dbgsym. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀, ti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi síta. Bí core míì bá dé, ẹ fi àṣẹ readelf -n wo oja tó wà lórí ẹ̀rọ oníbàárà náà, á sọ build ID rẹ̀, ẹ ó sì mọ -dbgsym tẹ́ ẹ máa mú.