Tíṣà Tó Wà ní Erékùṣù Fíjì: Ọ̀rọ̀ Ìrun, Yaqona àti Omi Àlùwàlá

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àláékúmù, Alfa wa. Tíṣà ni mí, ọmọ Ìbàdàn. Ètò Technical Aid Corps, tí Nàìjíríà fi ń rán àwọn onímọ̀ lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ni wọ́n fi rán mi wá sí Fíjì, ọdún méjì ni màá lò. Erékùṣù kékeré kan ni iléèwé tí mo ti ń kọ́ ìṣirò wà, èmi nìkan sì ni Mùsùlùmí níbẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú omi ń rìn kí n tó dé ìlú tí mọ́sálásí wà. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti dé, rákà méjì-méjì ni mò ń kí Àyílà, Alásàrí àti Ìṣáì, torí mo ka ara mi sí arìnrìn-àjò. Ṣé ó tọ̀nà? Ìkejì, wọ́n ń mu yaqona níbí. Bí n kò bá gbà á, wọ́n á ní mo fojú tín-ín-rín wọn. Ṣé mo lè mu ún? Ìkẹta, omi òjò tó wà nínú táǹkì wa ti ń lọ sílẹ̀. Kí ni kí n máa fi ṣe àlùwàlá?

ÌDÁHÙN: Wàáláékúmù sàláàmù, tíṣà ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìrun ni màá kọ́kọ́ mú, nítorí gbèsè ti wọ ibẹ̀.

Òótọ́ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àjò tí àwa ń pè lẹ́nu yàtọ̀ sí àjò tí ṣàríà fi ń gé ìrun kúrú. Ní ojú ọ̀nà Imam Malik tí àwa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ti ní in lọ́kàn láti lo odindi ọjọ́ mẹ́rin níbì kan, àjò rẹ̀ ti parí síbẹ̀. Ọjọ́ 15 ni àwọn Hánáfì, ìyẹn àwọn tó ń tọ ọ̀nà Imam Abu Hanifa, sọ. Ìwọ ní ọdún méjì lọ́kàn. Iléèwé ti fún ọ ní ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ, ajá aládùúgbò kì í gbó ọ mọ́. Arìnrìn-àjò wo ló tún kù? Ará abúlé yẹn ni ọ́, rákà mẹ́rin sì ni ìrun ará ilé.

Mo mọ̀ pé àwọn alfa kan wà tí wọ́n ní ẹni tí kò bá fi ibì kan ṣe ibùgbé títí ayé lè máa gé ìrun rẹ̀ kúrú, kódà bó pẹ́ níbẹ̀. N kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ ò bá tiwọn lọ, àìmọ̀ lo fi ṣe é, nítorí náà èyí tó fini lọ́kàn balẹ̀ ni kí o san ìrun oṣù mẹ́ta yẹn padà. Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwọ tíṣà ìṣirò, wò ó báyìí: bí o bá kí Àyílà òní tán, kí Àyílà gbèsè kan tẹ̀lé e; bẹ́ẹ̀ náà ni Alásàrí àti Ìṣáì. Láàárín oṣù mẹ́ta gbèsè tán. Bí o bá wọ ọkọ̀ lọ sí Suva, olú ìlú Fíjì, tàbí ibòmíì tó tó 80 kìlómítà, tí o kò ní pé ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, ìgbà yẹn ni kí o gé e kúrú, àyàfi bí o bá kírun lẹ́yìn lèmọ́mù tó jẹ́ onílé.

Ti Jímọ̀, kò pọn dandan fún ọ. Ẹnìkan kì í dá Jímọ̀ kí, ibi tó sì jìnnà tó wákàtí mẹ́rin lójú omi kò sí lára ibi tí ìpè rẹ̀ ti ń de ènìyàn. Kí Àyílà rẹ ní rákà mẹ́rin, kí o sì padà sí kíláàsì.

Wàyí o, yaqona, èyí tí àwọn ẹlòmíì ń pè ní kava. Kí àwọn tó ń ka èyí nílé lè mọ ohun tí à ń sọ: gbòǹgbò igi ni. Wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó mọ́ omi nínú ọpọ́n ńlá kan tí wọ́n ń pè ní tanoa, wọ́n á wá máa fi èèpo àgbọn bù ú fún èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í hó, kì í kan bí ẹmu. Ètè á kú, ara á rọ̀, bó bá pọ̀, oorun á dé. Àlejò tó bá wọ abúlé á gbé ìdì gbòǹgbò yìí lọ fún olórí abúlé, sevusevu ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Àwọn tíṣà tó ti sin ibẹ̀ padà bọ̀ ní kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń gbé obì lọ síwájú baálẹ̀. Gbígbé e lọ kò léèwọ̀. Ẹ̀bùn ni, ọ̀wọ̀ onílé sì ni. Pípa àtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí a tó gbà á, àti lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá mu tán, ìkíni lásán ni, kì í ṣe ìjọsìn.

Mímu rẹ̀ ló gba àròjinlẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé gbogbo ohun tó bá ń pani bí ọtí, ọtí ni. Èyí tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ rẹ̀ náà háráàmù. Bí yaqona bá wọ abẹ́ èyí, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n al-Qarafi, àgbà alfa Málíkì tó kú ní Íjíbítì ní ọdún 684 lẹ́yìn Híjírà, ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: èyí tó ń bo làákàyè pẹ̀lú ìdùnnú àti àyà líle, bí ọtí, èyí tó ń kunni lóorun, àti èyí tó ń da ọpọlọ rú láìsí ìdùnnú yẹn. Ó ní méjì ìkẹ́yìn kì í ṣe nàjáásì, ìyẹn ohun ẹ̀gbin, díẹ̀ wọn tí kò bá dé ọpọlọ kò sì léèwọ̀. Ní tèmi, àárín àwọn méjì yẹn ni yaqona wà. N kò pè é ní ọtí.

Síbẹ̀ má tíì yọ̀. Hádíìsì wà láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Umm Salamah, ìyàwó Ànábì, pé Ànábì kọ ohun tó ń pani àti ohun tó ń sọ ara di òkú. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe lágbára tó, ṣùgbọ́n ó tó láti mú èèyàn ṣọ́ra. Nítorí náà, bí o bá lè yẹra fún un, ìyẹn ni mo fẹ́ fún ọ. Lọ bá olórí abúlé níkọ̀kọ̀ kí ọjọ́ ètò tó pé, gbé ìdì gbòǹgbò dání, kí o ṣàlàyé fún un. Ìtìjú tí èèyàn ń fà lójú agbo, ilé ni a ti ń yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà jókòó lórí ẹní pẹ̀lú wọn, bá wọn pàtẹ́wọ́. Bí kò bá ṣeé yẹ̀, tí o mu ife kékeré kan tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan, n kò sọ pé o dẹ́ṣẹ̀. Àmọ́ jíjókòó ti ọpọ́n títí di òru, tí ẹsẹ̀ á fi wúwo, tí Àsùbáà á fi bọ́, háráàmù ni, kò sí awuyewuye níbẹ̀. Ọlọ́hun ní kí a má súnmọ́ ìrun títí a ó fi mọ ohun tí à ń sọ. Tíṣà tó sì ń tòògbé níwájú pátákó kò ṣọ́ àmáánà, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ti omi rọrùn. Wọ́n bi Ànábì léèrè nípa omi òkun, ó ní omi rẹ̀ ń múni mọ́, òkú inú rẹ̀ sì hàláàlì. Nítorí náà, bí táǹkì bá ń lọ sílẹ̀, fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mímu, kí o sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun. Táyámọ́mù, ìyẹn fífi erùpẹ̀ rọ́pò omi àlùwàlá, ò sí fún ẹni ara rẹ̀ le tí òkun yí ká. Bí o bá sì fẹ́ lo ti táǹkì, rántí pé ìwọ̀n mùdáànìbì kan, ìyẹn bí ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì, ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá tirẹ̀.

Hádíìsì kan náà ló tú ọ sílẹ̀ lórí oúnjẹ. Ẹja, akàn, edé, máa jẹ wọ́n lọ. Àwọn Mùsùlùmí tí wàá bá ní ìlú, ọmọ àwọn ará Íńdíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá síbẹ̀ láti 1879 ni púpọ̀ nínú wọn, Hánáfì sì ni wọ́n. Wọn kì í jẹ akàn, Alásàrí wọn náà ń pẹ́ ju tiwa. Má bá wọn jà sí i. Ohun tó yẹ kí o ṣọ́ ni lovo, ihò olókùúta gbígbóná tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ọjọ́ ọ̀ṣẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ àti kókò máa ń wà nínú ihò kan náà, ọ̀rá á sì máa ro. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n se tìrẹ lọ́tọ̀.

Ohun kan tí o kò bi mí, ṣùgbọ́n tí mo fura sí: níbí, a máa ń sọ pé kí èèyàn kọjú sí gábàsì, ìyẹn ìlà oòrùn. Lọ́hùn-ún, ìwọ̀ oòrùn ni Mẹ́kà wà sí ọ, ó yà sí àríwá díẹ̀. Bí o bá ti ń fi ti ilé ṣe é, yí ẹní rẹ padà kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.