Kí ló ń mú kọ̀ǹpútà lọ́ra, kí la sì lè ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù mi ti tó ọdún mẹ́fà báyìí, Windows 10 ló sì wà lórí rẹ̀. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè wẹ̀ kí n sì múra tán kó tó ṣí. Bí mo bá ṣí Word, tí mo tún ṣí Chrome, gbogbo rẹ̀ á kàn dúró gbagidi. Mo ti pa fọ́tò àti fídíò rẹ́ títí ó fi sú mi, kò sí ìyàtọ̀. Àbúrò mi ní kí n fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí n pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, kí n tún Windows gbé sórí rẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n gbé áàpù tó ń fọ kọ̀ǹpútà mọ́ sórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó ti gbó, kí n ra tuntun. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn ò ní i lọ́kàn láti ṣe yín níbi, ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n ń júwe láì tíì mọ àìsàn. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń mú kọ̀ǹpútà lọ́ra. Bí ooru ò bá dà á láàmú, bí púrósẹ́sọ̀ inú rẹ̀ (ọpọlọ tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà) ṣe yára tó lọ́jọ́ tí ẹ rà á náà ló ṣe yára tó lónìí. Ohun tó máa ń yí padà ni ẹrù tí a ń dì lé e lórí, tàbí kí apá kan nínú rẹ̀ ti máa bàjẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Èwo nínú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí tiyín, Windows fúnra rẹ̀ lè sọ ọ́ fún yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á ṣí, ìyẹn ojú tí Windows fi ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà hàn. Tó bá jẹ́ pátákó kékeré ló gbé wá, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa rí CPU (púrósẹ́sọ̀ yẹn náà), Memory àti Disk lókè, pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ṣí Word àti Chrome bí ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ẹ máa wo nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Èyí tó bá gun òkè 90 tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, Memory àti Disk ni mo fura sí, àwọn méjèèjì sì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti dá ẹ̀rọ dúró. Memory ni RAM. Ẹ wò ó bíi pẹpẹ tí oníṣòwò ń pàtẹ ọjà lé: ohun tó bá wà lórí pẹpẹ ni ọwọ́ tètè ń tó, ìyókù wà nínú yàrá lẹ́yìn, ìyẹn dísìkì. Tí pẹpẹ bá kún, ó di dandan kó kó nǹkan kan wọlé kó tó lè gbé òmíràn jáde. Ohun tí Windows náà ń ṣe nìyẹn. Tí RAM bá kún, á máa kó díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ lọ sínú fáìlì kan lórí dísìkì tó ń jẹ́ pagefile.sys, tí ẹ bá sì tún padà sójú Word, á tún kó o padà. Lórí ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, Windows nìkan lè gba nǹkan bí ìdajì kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Chrome ní tirẹ̀ máa ń ya ààyè RAM ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tábù tí ẹ bá ṣí. Tábù mẹ́wàá pẹ̀lú Word ti tó láti kún un.

Dísìkì wá ni ọ̀rọ̀ ńlá ibẹ̀. Nínú Task Manager yẹn náà, ẹ tẹ Performance, kí ẹ wo Disk 0. Lórí ọ̀pọ̀ Windows 10 tó ti gba ìmúdójúìwọ̀n, ẹ máa rí HDD tàbí SSD lábẹ́ rẹ̀. HDD ni háàdì dísìkì àtijọ́: àwo kan ń yí nínú rẹ̀, ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tín-ín-rín kan sì ń sáré síwá-sẹ́yìn lórí àwo náà láti wá ohun tí a fẹ́ kà. Tó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan tó wà lójú kan ṣoṣo, ó lè ka nǹkan bí 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ni Windows ń kà nígbà tó bá ń ṣí, orí yẹn sì gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Kò lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí Disk ní 100%, kí iye tó ń kà má ju 1 MB tàbí 2 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Orí ń rìn ṣáá, iṣẹ́ ò jáde. SSD ò ní àwo, kò ní orí tó ń rìn. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún irú fáìlì kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló lè dáhùn sí láàárín àkókò kan náà. Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe sí kọ̀ǹpútà tó ń lọ́ra, mi ò tíì rí èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn tó kí wọ́n yọ HDD, kí wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀.

Èyí náà ló fà á tí pípa fọ́tò rẹ́ ò fi ràn yín lọ́wọ́. Fọ́tò tó jókòó jẹ́ẹ́ lórí dísìkì kì í dá ẹnikẹ́ni dúró, àfi tí dísìkì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Tí ààyè bá ṣì tó ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi fọ́tò yín sílẹ̀ o.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ da gbogbo fáìlì tó ṣe pàtàkì sí yín kọ sórí dísìkì mìíràn. HDD tó ti pé ọdún mẹ́fà tó wá ń lọ́ra lè jẹ́ HDD tó ń kú lọ. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn: tí ẹ bá ń gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di kánkán. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo tó máa ń ka àkọsílẹ̀ ìlera tí dísìkì ń tọ́jú nípa ara rẹ̀. Tó bá kọ Good, ó dára. Tó bá kọ Caution, ẹ wo ìlà Reallocated Sectors Count àti Current Pending Sector Count. Wọ́n ń sọ pé àwọn ibì kan lórí àwo ti bàjẹ́ tàbí pé kò ṣeé kà dáadáa mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fọ́ọ̀máàtì irú dísìkì bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ kó fáìlì kúrò, ohun tó bá lọ lè má padà mọ́. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìmọ̀ràn tí àbúrò yín fún yín.

Tó bá jẹ́ CPU ló ga, ẹ tẹ orí CPU náà kí èyí tó ń jẹ ẹ́ jù lọ wá sókè. Nígbà mìíràn, Windows ló ń gba ìmúdójúìwọ̀n lọ́wọ́, tàbí àǹtí-fáírọ́ọ̀sì ló ń yẹ fáìlì wò. Ẹ jẹ́ kó parí. Tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ ò mọ̀ rí, tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ ò tiẹ̀ ṣí nǹkan kan, ẹ ní kí Windows Security yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò. Àǹtí-fáírọ́ọ̀sì méjì lórí ẹ̀rọ kan máa ń dí ara wọn lọ́wọ́, ẹ yọ ọ̀kan. Tí fáànù bá wá ń pariwo tí abẹ́ ẹ̀rọ sì gbóná, eruku ti dí i nìyẹn. Púrósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù á mọ̀ọ́mọ̀ dín iyára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u, kó fẹ́ eruku jáde. Ẹ má sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, aṣọ ń dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lónìí láìná kọ́bọ̀. Nínú Task Manager, ẹ tẹ Startup. Àwọn áàpù tó ń jí pẹ̀lú Windows láràárọ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ ò nílò kíákíá, ẹ tẹ ẹ́, kí ẹ yan Disable. Kò ní kúrò lórí ẹ̀rọ, yóò kàn dúró dìgbà tí ẹ bá pè é ni. Ẹ má fọwọ́ kan àǹtí-fáírọ́ọ̀sì, ohùn àti touchpad. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Restart. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ Restart ni, nítorí láti ìgbà Windows 8, Shut down máa ń tọ́jú apá kan nínú Windows sórí dísìkì kó lè tètè ṣí lọ́jọ́ kejì, ìdọ̀tí tó ti kó jọ níbẹ̀ á sì bá a padà. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti áàpù tó ń fọ kọ̀ǹpútà, ẹ má gbé e sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jókòó sínú Startup, tí wọ́n sì ń jẹ RAM tí ẹ ń wá. Storage tó wà nínú Settings ti tó láti kó fáìlì ìgbà díẹ̀ dànù. Fífọ́ọ̀máàtì máa ń wúlò tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọlé jìnnà, tàbí tí fáìlì Windows fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ orí HDD kan náà àti RAM 4 GB kan náà ni ẹ padà sí, ara rẹ̀ á yá fúngbà díẹ̀, á sì tún padà síbi tó wà.

Kí ẹ tó pinnu láti ra tuntun, ẹ wo Performance, ẹ tẹ Memory, kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ Slots used sí. Tó bá jẹ́ 1 of 2, àyè ṣì wà láti fi RAM kún un. Irú èyí tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ rà, torí oríṣi RAM ni DDR3 àti DDR4, DDR3 ò sì lè wọ ojú ihò DDR4. Ẹ tún lo áàpù PC Health Check ti Microsoft láti mọ̀ bóyá Windows 11 lè wọ̀ ọ́, torí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Láptọ́ọ̀pù tó bá gba SSD, tó gba RAM 8 GB, tí Windows 11 sì wọ̀ ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé RAM 4 GB ni wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀, tí kò ṣeé fi kún, tí PC Health Check sì kọ̀ ọ́, ẹ ra òmíràn, kí ẹ sì rí i pé SSD ló wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.