Èsì: Ṣé ti Kristẹni nìkan ni "ìgbàgbọ́"?

Àbúrò mi, o béèrè bóyá àwọn Kristẹni nìkan ló ni ọ̀rọ̀ náà "ìgbàgbọ́". Rárá o. Lóòótọ́, l'Adó-Èkìtì níbí, bí wọ́n bá ní "onígbàgbọ́ ni ọkùnrin yẹn", ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkàn gbogbo wa ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí náà ń sọ "onígbàgbọ́ òdodo" nínú wáàsí wọn.

"Gbà" àti "gbọ́" ló so pọ̀. Wo "Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà", kí o wá wo "Mo gba Ọlọ́run gbọ́". Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ náà là sí méjì, Ọlọ́run sì bọ́ sáàárín. Èyí máa ń wú mi lórí gan-an! Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ lè máa sọ èrò rẹ̀ lásán. Ẹni tó sọ èkejì ti fi ara rẹ̀ lé E lọ́wọ́. Bí ìyá mi àgbà bá ti ká òṣùká, tó gbé agbọ̀n iṣu karí, tó kọjú sí Ọjà Ọba, "Mo gba Ọlọ́run gbọ́" ló máa ń wí kó tó gbẹ́sẹ̀.

"Ìgbẹ́kẹ̀lé" yàtọ̀ díẹ̀, nítorí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé owó tàbí ọmọ pàápàá.