Ẹrẹ̀ Abẹ́ Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣèrànwọ́ Lẹ́yìn Táífúùnù ní Japan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Saitama ni mò ń gbé, ọdún kẹta mi rèé ní Japan. Táífúùnù, ìyẹn ìjì líle olójò, tó kọjá yìí mú kí odò ya wọ ilé àwọn èèyàn ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ lọ bá wọn kó ẹrẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. A ní ọkọ̀, a ní agbára, àmọ́ èdè Japan tá a gbọ́ ò tó nǹkan. Ṣé ká kàn máa lọ ni? Kí la máa mú dání?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má kàn máa lọ o. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn tó ń wá èèyàn nínú omi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà sì lè ti dí. Ọkọ̀ tí kò ní ibi pàtó tó ń lọ á kàn dá kún ìṣòro wọn ni.

Shakai Fukushi Kyogikai, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ire àwọn ará ìlú, tí gbogbo èèyàn ń gé kúrú sí Shakyo, ló sábà máa ń ṣí ibùdó fáwọn tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Kobe ní oṣù Kìíní ọdún 1995 ló kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ya lọ síbẹ̀ lọ́dún náà, àìmọye wọn ni kò sì mọ ẹni tí wọ́n máa bá tàbí iṣẹ́ tó kàn. Ní báyìí, onílé á sọ ohun tó nílò fún ibùdó, ibùdó á wá yan àwọn tó máa lọ. Torí náà, ẹ wo ìkéde ibùdó ìlú yẹn kẹ́ ẹ tó gbéra. Àwọn kan kì í gba ẹni tí kì í ṣe ará agbègbè wọn, àwọn míì sì fẹ́ kéèyàn ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú.

Ní ti inṣọ́ránsì àwọn olùrànlọ́wọ́, Saitama níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ra tiyín, lọ́dọ̀ Shakyo àdúgbò yín. Kò ju ọgọ́rùn-ún yen mélòó kan lọ, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá rà á nílé, á dáàbò bo ìrìn àjò yín lálọ lábọ̀, ẹ ò sì ní dá èrò dúró lẹ́nu ọ̀nà ibùdó. Torí pé ẹ ní ọkọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yọ owó ojú ọ̀nà kúrò fún ọkọ̀ àwọn olùrànlọ́wọ́. Wọ́n máa ń ṣe é nígbà míì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ìwé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sọ́nà.

Oúnjẹ, omi, epo ọkọ̀, ibi tẹ́ ẹ máa sùn: ọrùn yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí omi gbé ìkòkò rẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ tún máa wá oúnjẹ àlejò.

Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, ìbòmú àti awò tó bo ojú dáadáa. Ẹ má fi bàtà ṣeré rárá. Bàtà òjò lásán ò tó. Ẹ ra pẹlẹbẹ irin tí wọ́n ń tẹ́ sínú rẹ̀, torí ìṣó tó wà lára pákó tí omi gbé, òkè ló sábà máa ń kọjú sí. Ẹrẹ̀ yìí kì í ṣe ẹrẹ̀ oko. Ìgbẹ́, epo àti òkú ẹran ti pò mọ́ ọn, tó bá sì gbẹ, á di eruku tẹ́ ẹ máa fà símú. Tí nǹkan bá gé yín, ẹ fi omi tó mọ́ fọ ojú ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ibà bá gbé yín láàárín oṣù kan tẹ́ ẹ dé, ẹ sọ fún un pé ẹ wọ ẹrẹ̀ omíyalé, torí ìtọ̀ eku máa ń kó àrùn sínú omi bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku iṣẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni Táífúùnù Hagibis wọ Japan, ó sì fọ́ ìdènà odò Chikuma ní ìlú Nagano. Omi náà ò mọ ọlọ́lá: odindi ọkọ̀ ojú irin Shinkansen mẹ́wàá ló bá níbi tí wọ́n gbé wọn sí. Naganuma, àdúgbò kan níbẹ̀ tí oko ápù pọ̀ sí, wá di ẹrẹ̀ ṣáá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá àgbà kan tó ti fọ ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, tó ń sọ pé òun ò nílò ẹnikẹ́ni mọ́. A bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká ṣí pákó kan ṣoṣo. Abẹ́ rẹ̀ kún.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ilé wọn nìyẹn: àlàfo wà láàárín pákó téèyàn ń tẹ̀ àti ilẹ̀. Omi á fà, ẹrẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á máa rùn, pákó á bu, á sì jẹrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ká tatami, ìyẹn ẹní tó nípọn tí wọ́n ń tẹ́ sórí pákó, tí wọ́n ń ṣí pákó, tí ẹnì kan á fi àyà fà wọ abẹ́ ilé, tí á máa fi ṣọ́bìrì kékeré bu ẹrẹ̀ síta. Wọ́n tún máa ń yọ ohun tó dà bí òwú tí wọ́n tì sínú ògiri torí òtútù, torí ó ti fa omi mu bíi kànrìnkàn. Lẹ́yìn náà, fáànù á máa fẹ́ ibẹ̀ fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kánjú da pákó padà á tún un ṣí.

Àpò tẹ́ ẹ bá ń bu ẹrẹ̀ sí, kó má kọjá ìdajì. Ẹ ṣe bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ sinmi mẹ́wàá, pàápàá tí oòrùn bá mú. Tatami tó rin máa ń wúwo gan-an, ẹ má dá a gbé. Ẹ má sì tò ó ga jọ, ó lè gbóná títí tó fi máa gbiná fúnra rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi onílé bóyá ó ti ya fọ́tò ilé náà láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fi téèpù ìwọ̀n hàn níbi tí omi dé. Fọ́tò yẹn ló máa ń ran ìjọba ìlú lọ́wọ́ láti fún un ní ìwé ẹ̀rí tó máa fi gba ìrànwọ́. Àwọn kan ti fi àánú bá èèyàn nu àmì omi kúrò lára ògiri!

Ẹ má sì ju nǹkan nù lórí èrò tara yín. Ohun tó dà bí ìdọ̀tí lójú yín lè jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó onílé. Tó bá ní òun fẹ́ jókòó tì í fún wákàtí kan, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀. Èdè tẹ́ ẹ gbọ́ tó fún ìyẹn. Fún iṣẹ́ yòókù, ẹ sọ níbùdó pé èdè yín ò tó, wọ́n á fi yín mọ́ ẹni tó gbọ́ ọ.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ gun òrùlé o, kódà tí onílé bá bẹ̀ yín. Lẹ́yìn Táífúùnù Faxai ní Chiba, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 kan náà, àwọn tó ń ta tapólì sórí òrùlé já bọ́, àwọn kan sì kú. Iná mànàmáná náà, ẹ fi sílẹ̀ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ tún ìkéde ibùdó wò, torí tí òjò bá ṣú, wọ́n lè máà ṣí lọ́jọ́ kejì. Tí wọ́n bá sọ pé àwọn ti ní èèyàn tó lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má bínú. Ẹ padà pè wọ́n lóṣù tó ń bọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ máa ń wọ́n jù.